Gbòǹgbò Asofẹ́yẹjẹ àti Ọ̀rọ̀ Serotonin

Ẹ wo gbòǹgbò ọwọ́ mi yìí dáadáa. Ìsọ̀ ẹléwé ọmọ la wà, l'Ọ́jà Odò-Ògbè, n'Ilé-Ifẹ̀. Asofẹ́yẹjẹ ni. Èso rẹ̀ pupa, ẹyẹ a sì máa jẹ ẹ́, ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Òun làwọn oníṣègùn wa ń lò fún ẹni tórí rẹ̀ dàrú, kí ara rẹ̀ lè wálẹ̀, kó sì sùn. Ẹ má dán an wò nílé o! Ìyá tó ni ìsọ̀ kọ́kọ́ wò mí látòkè délẹ̀: "Ta ló ń ṣe, ọmọ mi?" Mo ní, "Kò sí o, mà. Fídíò ni."

Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ reserpine. Lára ìbátan rẹ̀ tó ń hù ní Íńdíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ ọ́, ní 1952, wọ́n sì ń fi tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ìsoríkọ́ bá àwọn kan tó ń lò ó: oúnjẹ ò wù wọ́n, wọn ò fẹ́ rí ènìyàn. Ní 1955, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí i lára ẹranko pé ṣe ni reserpine ń gbọ́n serotonin dànù.

Ìránṣẹ́ ni serotonin. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan á tú u jáde, èkejì á gba iṣẹ́ tó jẹ́. 

Àwọn onímọ̀ wá ní bí serotonin bá ti dín kù, ìsoríkọ́ dé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn, ó sì tajà. Fluoxetine, oògùn ìsoríkọ́ kan, gbàṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 1987. Kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tètè fa serotonin tó tú sílẹ̀ padà. Ibi tó ti rú mi lójú rèé: láàárín wákàtí díẹ̀ niṣẹ́ yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀, ọkàn aláìsàn kì í sì í sábà fúyẹ́ títí ọ̀sẹ̀ mélòó kan á fi kọjá. Bó bá jẹ́ pé àmù ló gbẹ, tá a pọnmi sí i láàárọ̀, kí ló dé tóùngbẹ ṣì ń gbẹni lálẹ́?

Ní 2022, àwọn olùwádìí kan ní London kó ìwádìí ọdún gbọọrọ jọ, wọn ò rí ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin pé serotonin àwọn tó sorí kọ́ kéré. Oògùn náà ṣì ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ o. Bó ṣe ń ṣe é gan-an ni wọ́n ń wá. Ẹni tó ń lò ó kò gbọdọ̀ já a jù lójijì. Dókítà ló ń báni dín in kù.

Mo bi ìyá bóyá ó lè ta gbòǹgbò yìí fún opó tí kò jẹun mọ́, tó kàn jókòó sínú yàrá. Ó mirí.

"Orí tó ń sáré là ń fi mú wálẹ̀. Èyí tó ti wà nílẹ̀ ńkọ́?"

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó dá a padà sínú apẹ̀rẹ̀.