Bí a ṣe ń fi Times New Roman, Arial àti Calibri sórí kọ̀ǹpútà Linux kí ojú ìwé má baà dàrú

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùwò wa. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ní Garki, ní Àbújá níhìn-ín, ni mo wà, níbi tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí mo sì ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn ń bi mí títí ó fi sú mi láti máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan: kí ló dé tí ìwé tí àwọn tẹ̀ lórí Linux fi ń dàrú bí ọ̀gá wọn bá ṣí i lórí Windows? Fọ́ǹtì ni, ìyẹn irú lẹ́tà tí a fi ń tẹ ìwé. Lónìí, a óò fi àwọn fọ́ǹtì tí ó ní ẹni tí ó ni wọ́n sórí Ubuntu, tí ó jẹ́ irú Linux kan, èmi yóò sì fi ọ̀nà tí ẹ óò fi mọ̀ bóyá wọ́n wọlé lóòótọ́ hàn yín, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń tan ara wọn jẹ.

Nígbà tí ẹ bá tẹ ìwé ní LibreOffice Writer, ohun ìtẹ̀wé ọ̀fẹ́ tí a ń lò lórí Linux, orúkọ fọ́ǹtì nìkan ni fáìlì náà ń gbé kiri. Fọ́ǹtì fúnra rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, àfi bí ẹ bá pàṣẹ pé kí ó wà níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ tí ó ṣí fáìlì náà kò bá ní fọ́ǹtì tí ẹ lò, yóò wá òmíràn fi rọ́pò rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Bí lẹ́tà ti arọ́pò yìí bá fi díẹ̀ fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọ̀rọ̀ kan yóò já bọ́ láti ìparí ìlà kan sí ìlà kejì, ìlà yóò máa pọ̀ sí i, títí tábìlì tí ó jókòó jẹ́jẹ́ sójú ìwé kan yóò fi pín sí méjì, tí nọ́ńbà inú àtẹ àkóónú kò sì ní bá ojú ìwé kankan mu mọ́.

Ìdí tí àwọn fọ́ǹtì yìí kò fi bá Ubuntu wá ni pé wọ́n ní ẹni tí ó ni wọ́n. Monotype ni ó ni Times New Roman àti Arial. Microsoft ni ó ni Calibri. Ẹnikẹ́ni kò kàn lè dà wọ́n pọ̀ mọ́ ohun ọ̀fẹ́ kí ó sì máa pín wọn kiri. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1996, Microsoft gbé àkójọ kan jáde fún ìlò íntánẹ́ẹ̀tì, nínú èyí tí Arial, Times New Roman, Courier New, Georgia, Verdana, Trebuchet àti àwọn mìíràn wà. Ní 2002, wọ́n mú un kúrò lórí ìkànnì wọn, ṣùgbọ́n ìwé-àṣẹ rẹ̀ ti gbà pé a lè máa pín fáìlì náà bí ó bá ṣáà ti wà bí wọ́n ṣe gbé e jáde. Nítorí náà ni ó ṣe wà lórí SourceForge, ìkànnì kan tí wọ́n ti ń pín ohun kọ̀ǹpútà, títí di òní, ibẹ̀ sì ni a óò ti gbà á.

Kí ẹ tó fi ohunkóhun sí i, ẹ ṣí Terminal, ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ, kí ẹ sì tẹ àṣẹ yìí:

fc-match "Times New Roman"

Ẹ fara balẹ̀ wo èsì rẹ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn. Mo bi ẹ̀rọ pé, bí mo bá pe Times New Roman, ta ni yóò jẹ́ mi? Ó dáhùn pé "Liberation Serif". Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? Times New Roman kò sí lórí ẹ̀rọ yìí rárá, arọ́pò ni ó ń jẹ́ orúkọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Síbẹ̀, bí mo bá ṣí Writer, tí mo sì ṣí ìwé oníbàárà kan, orúkọ tí ẹ óò rí nínú àpótí fọ́ǹtì lókè ni Times New Roman. Àwọn kan á bá mi jiyàn lórí èyí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú: "Ẹ̀gbọ́n, ó wà níbẹ̀ kẹ̀, mo rí i!" Orúkọ ni ẹ rí. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ óò rí i pé lẹ́tà orúkọ náà dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí Writer ṣe máa ń sọ fún wa nìyẹn pé fọ́ǹtì náà kò sí nílé.

N kò fẹ́ kí ẹ kórìíra Liberation nítorí ohun tí mo sọ yìí o. Iléeṣẹ́ Red Hat ni ó gbé e jáde ní 2007, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ìbú lẹ́tà rẹ̀ lè bá ti Times New Roman, Arial àti Courier New mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ojú wọn kò jọra, ṣùgbọ́n orí wọn gba fìlà kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé kí ìlà má yí padà nìkan ni ẹ ń wá, tí ìwé yín sì jẹ́ Times New Roman tàbí Arial, ẹ lè má nílò ohunkóhun mìíràn. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń fi ojú wo bí lẹ́tà ṣe rí, tàbí tí ó ń gba ìwé tí wọ́n fi Georgia tàbí Verdana tẹ̀, ni kí ó máa bá mi bọ̀.

Ó yá, àṣẹ méjì:

sudo apt update
sudo apt install ttf-mscorefonts-installer

Yóò béèrè password yín. Bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kò ní hàn, ẹ má ṣe pè mí lórí fóònù pé kíbọọ̀dù ti kú. Bí ẹ̀rọ bá ní òun kò rí ohun tí ẹ ń wá, ẹ kọ́kọ́ tẹ sudo add-apt-repository multiverse kí ó lè ṣí apá ilé ìṣúra Ubuntu tí ó wà, kí ẹ sì tún un ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Debian, irú Linux mìíràn, abẹ́ apá tí wọ́n ń pè ní contrib ni tiyín wà.

Láìpẹ́, ìwé-àdéhùn Microsoft yóò gba gbogbo ojú Terminal, bọ́tìnnì Ok yóò sì wà nísàlẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń há sí. Wọ́n á máa fi máòsì tẹ Ok, kò ní dáhùn, wọ́n á bínú ti Terminal pa, wọ́n á sì ní Linux burú. Ẹ fi máòsì sílẹ̀. Ẹ tẹ Tab kí Ok lè yọ àwọ̀, kí ẹ tẹ Enter. Ojú ewé kejì yóò bi yín bóyá ẹ gbà, ẹ tún fi Tab lọ sórí Yes, kí ẹ tẹ Enter. Bí ẹ bá ti ṣèèṣì sọ pé ẹ kò gbà, ẹ fi sudo apt purge ttf-mscorefonts-installer yọ ọ́ kúrò tegbòtigaga, lẹ́yìn náà kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, yóò sì tún bi yín.

Ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tún wà níbẹ̀. Ohun tí apt, àṣẹ tí ń gbé nǹkan wọlé sórí ẹ̀rọ, gbé wọlé fún yín kì í ṣe fọ́ǹtì. Oníṣẹ́ kékeré kan ni, tí yóò wá lọ bá yín gba fọ́ǹtì láti SourceForge. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já ní àárín méjì, bí tiwa ṣe máa ń já níhìn-ín bí òjò bá ti ṣú, apt lè sọ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ti parí, kí ó sì jẹ́ pé fọ́ǹtì kankan kò wọlé. Ẹ padà sọ́dọ̀ fc-match. Bí ó bá dáhùn pé "Times New Roman", ẹ kú oríire. Bí ó bá ṣì ń pe Liberation, ẹ tẹ èyí nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára:

sudo apt install --reinstall ttf-mscorefonts-installer

Dátà tí yóò jẹ kò tó nǹkan. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ti Writer pa kí ẹ tún un ṣí, nítorí ìgbà tí ó bá ń ṣí ni ó máa ń ka fọ́ǹtì.

Ẹnìkan béèrè lábẹ́ fídíò mi tí ó ṣáájú pé òun ti ṣe gbogbo èyí, ṣùgbọ́n òun kò rí Calibri. Ẹ kò lè rí i níbẹ̀. Àkójọ ti 1996 ni ohun tí a gbé wọlé yìí. Ìgbà Windows Vista àti Office 2007 ni Calibri àti Cambria tó dé, ẹnikẹ́ni kò sì fún wa láṣẹ láti máa pín wọn. Ọ̀nà méjì ni ó wà. Èkíní ni ti arọ́pò tí ìbú lẹ́tà rẹ̀ bá tiwọn mu: Carlito fún Calibri, Caladea fún Cambria. Èyí ni mo máa ń ṣe fún oníbàárà tí kò ní Windows, kò sì tíì sí ìlà tí ó yẹ̀ lọ́wọ́ mi:

sudo apt install fonts-crosextra-carlito fonts-crosextra-caladea

Ọ̀nà kejì ni ti ẹni tí ó ní fáìlì fọ́ǹtì tí ó jẹ́ tirẹ̀ lábẹ́ òfin, yálà ó rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó láṣẹ láti tà á, tàbí iléeṣẹ́ rẹ̀ ni ó ra ìwé-àṣẹ fún un. Bí ẹ bá ra láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Banex ní Wuse 2, tí Windows tirẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Linux, inú C:\Windows\Fonts ni àwọn fọ́ǹtì yẹn wà, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé-àṣẹ rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, nítorí ó so wọ́n mọ́ Windows tí wọ́n bá wá. Èyí tí n kò ní fara mọ́ láéláé ni ti àwọn tí ń fi fódà kan ránṣẹ́ kiri orí WhatsApp pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́ǹtì ni ó wà nínú rẹ̀. Ìdajì rẹ̀ kò pé, ẹ kò mọ ẹni tí ó ti tún un rọ, Writer yóò sì máa fà bí ìgbín nígbàkígbà tí ẹ bá ṣí i. Ẹ má gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Bí fáìlì yín bá jẹ́ ti òfin, ẹ ṣe báyìí:

mkdir -p ~/.local/share/fonts
cp calibri*.ttf ~/.local/share/fonts/
fc-cache -f

Calibri ní fáìlì mẹ́rin tí ó ṣe kókó: calibri.ttf, calibrib.ttf fún lẹ́tà tí ó ki, calibrii.ttf fún èyí tí ó dùbúlẹ̀, àti calibriz.ttf fún èyí tí ó ṣe méjèèjì pọ̀. Ẹ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹ bá kó ẹyọ kan, ẹ̀rọ yóò fi agídí mú lẹ́tà lásán ki, ẹni tí ojú rẹ̀ bá mọ fọ́ǹtì yóò sì mọ̀ pé ayédèrú ni. Ti Cambria yàtọ̀ díẹ̀, nítorí cambria.ttc ni àkọ́kọ́ rẹ̀, kì í ṣe .ttf, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kó gbogbo .ttf tán tí wọ́n sì ń wá Cambria tì. Ẹ tún rántí pé CALIBRI.TTF àti calibri.ttf kì í ṣe ohun kan náà lójú Linux. Bí ènìyàn púpọ̀ bá ń lo ẹ̀rọ kan ṣoṣo, tí olúkúlùkù sì ní orúkọ ìwọlé tirẹ̀, /usr/local/share/fonts ni kí ẹ kó wọn sí, pẹ̀lú sudo.

Nígbà mìíràn, Calibri yóò wọlé tán, ṣùgbọ́n yóò burẹ́wà lójú ẹ̀rọ, lẹ́tà rẹ̀ yóò rí págunpàgun bíi pé wọ́n fi òkúta kéékèèké tò ó. Kò bàjẹ́. Àwọn àwòrán kéékèèké kan ni ó wà nínú fáìlì rẹ̀ fún ìwọ̀n tí ó kéré, àwọn náà ni ẹ̀rọ ń gbé jáde dípò lẹ́tà gidi. Ẹ ṣẹ̀dá fáìlì ~/.config/fontconfig/fonts.conf, kí ẹ kọ èyí sínú rẹ̀, ẹ lè dá fídíò dúró kí ẹ dà á kọ:

<fontconfig>
<match target="font">
<edit name="embeddedbitmap" mode="assign"><bool>false</bool></edit>
</match>
</fontconfig>

Ẹ jáde nínú Writer, ẹ padà wọlé, yóò ti dán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ Yorùbá, ọ̀rọ̀ kù fún yín. Kí ẹ tó tẹ odindi ìwé pẹ̀lú fọ́ǹtì kankan, ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta dán an wò: ẹ̀kọ́, ọ̀ṣọ́, ìṣẹ̀ṣe. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní ààyè kan ṣoṣo. Àmì ohùn ń bọ̀ lọ́tọ̀ ni, fọ́ǹtì ni yóò gbé e sórí lẹ́tà. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n ṣe yóò gbé àmì sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ẹ̀rọ lọ yá ṣ lọ́dọ̀ fọ́ǹtì mìíràn, tí ojú ìwé yóò sì dà bí alábùlẹ̀. Bí ọ̀gá yín kò bá fi dandan lé Times New Roman, ẹ fi sudo apt install fonts-sil-charis gba Charis SIL. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì mọ àmì ohùn gbé.

Oníbàárà ti ń dúró dè mí, ẹ jẹ́ kí n yára. Bí iṣẹ́ bá parí, tí ẹni tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí kò ní ṣe àtúnṣe sí i, ẹ má fi odt tàbí docx ránṣẹ́. Ẹ lọ sí File, kí ẹ lọ sí Export As, kí ẹ sọ ọ́ di PDF, fọ́ǹtì yóò sì wọ inú rẹ̀ lọ. Kí ẹ sì má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:

sudo apt install poppler-utils
pdffonts iwe.pdf

Orúkọ gbogbo fọ́ǹtì tí ó wà nínú PDF náà ni yóò tò jáde. Ẹ wo abẹ́ ibi tí wọ́n kọ emb sí, èyí tí ń sọ bóyá fọ́ǹtì wà nínú PDF náà. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ yes, tí orúkọ tí ẹ rí sì jẹ́ èyí tí ẹ fẹ́, ẹ fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá rí no kan ṣoṣo, tàbí tí ẹ bá rí Liberation níbi tí ó yẹ kí Times New Roman wà, ẹ padà sórí fc-match.