Láti Òpó Iná Kan sí Èkejì: Eré Ìdárayá fún Ẹni Tí Ọkàn Rẹ̀ Kò Lágbára

Ẹ káàárọ̀ o. Físíò yín náà ni, oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú èèyàn. Màmá tó jókòó tì mí yìí, ọkàn wọn kì í tú ẹ̀jẹ̀ jáde bó ṣe yẹ mọ́. Òun ni dókítà ń pè ní heart failure. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, bó ṣe sábà máa ń rí nílẹ̀ wa. Dókítà wọn ti ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bí tiyín ò bá tíì sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì máa wò wá níran ná.

Màmá, ẹ jẹ́ n wo ẹsẹ̀ yín. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun, mo ka ení dé àrún, mo gbé ọwọ́ kúrò. Kò jìn. Tó bá jìn bí èbà tí wọ́n fìka tẹ̀, tàbí tí òṣùwọ̀n fi kílò 2 lé sí i láàárín ọjọ́ 3, omi ti ń gbára jọ nìyẹn. A ò ní ṣeré kankan lónìí, dókítà la máa pè.

Ó dáa. Ìṣẹ́jú 10 lórí àga: ẹ máa gbé orúnkún sókè, ọ̀tún, òsì, bíi sójà tó ń yan. Ẹ má fò ó o.

Ẹ wá dìde. Bí orúnkún bá ń gbọ̀n, ẹ di apá àga mú. Ẹ mí síta bí ẹ ṣe ń dìde... fúù... Màmá, ẹ sé èémí, mo rí yín! Téèyàn bá sé e, ẹ̀jẹ̀ á ru sókè, wàhálà ọkàn á tún pọ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ti tó.

Ó kan ìrìn. Ẹni tó lo furosemide, oògùn tó ń jẹ́ kéèyàn máa tọ̀, láàárọ̀, kó jẹ́ kí ìtọ̀ rọlẹ̀ kó tó jáde. Láti òpó iná yìí dé tọ̀hún, ká sinmi, ká padà. Ẹ má fi bí ọkàn ṣe ń lù wọn bí ìrìn yín ṣe le tó: oògùn ọkàn bíi carvedilol àti bisoprolol máa ń dín lílù ọkàn kù, irọ́ ló máa pa fún yín. Ẹnu la fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí orin ò ṣeé kọ, ibẹ̀ gan-an ni. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já mọ́ yín lẹ́nu, ẹ dẹsẹ̀. Bí àyà bá ń dunni tàbí òòyì bá ń kọ́ni, ẹ jókòó, ẹ ké sí èèyàn.

Ará ilé á ní, "Ẹ lọ sinmi jàre." Ohun táwa oníṣègùn náà ń sọ nígbà kan nìyẹn. Lọ́dún 2009, ìwádìí HF-ACTION tí wọ́n ṣe fún aláìsàn 2,331 fi hàn pé irú eré báyìí kò wu wọ́n léwu. Ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ná.

Màmá, ẹ má tíì jókòó. Ká rọra máa rìn títí èémí á fi balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó fi òpó kan kún un.