Òṣìṣẹ́ Tí Owó Rẹ̀ Kò Tó Ná: Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí arísìkí gbogbo ẹ̀dá wà ní ọwọ́ Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tẹ̀lé wọn dé ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, púpọ̀ nínú wa ló ti ka Súrà Kahf láàárọ̀ òní, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń kà á lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ní áyà 79, níbi tí Khidir, ẹrúsìn Ọlọ́hun kan tí Ọlọ́hun fún ní ìmọ̀, ti ń ṣàlàyé fún Ànábì Mùsá ìdí tí òun fi dá ihò sí ara ọkọ̀ ojú omi àwọn èèyàn. Ó ní àwọn mìsìkíìnì kan tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí omi ló ni ọkọ̀ náà, àti pé ọba kan wà tó ń fi agbára gba ọkọ̀ gbogbo tó bá dára, ihò yẹn ni kò ní jẹ́ kó gba tiwọn. Àwọn èèyàn yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ní irinṣẹ́, wọ́n ń jáde lọ síbi iṣẹ́, síbẹ̀ Ọlọ́hun kà wọ́n mọ́ aláìní, Ó sì fi ọwọ́ ẹrúsìn Rẹ̀ dáàbò bo ìwọ̀nba tí wọ́n ní. Àwọn onímọ̀, pàápàá àwọn tó tẹ̀lé Imam Shafi'i, fi áyà yìí ṣe ẹ̀rí pé èèyàn lè níṣẹ́ lọ́wọ́, kó ní ohun ìní díẹ̀, kó sì tún wà lára àwọn tí sàká tọ́ sí, bí ohun tó ń wọlé fún un kò bá tó gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnìkan bá ń sọ pé ọ̀lẹ nìkan ní í tòṣì.

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Oda jáde ní Àkùrẹ́, tàbí tó gba ọ̀nà Ìdànrè wọ inú oko kòkó, yóò rí irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀: alágbàṣe tó ń ro oko olóko, tíṣà ilé-ìwé aládàáni kékeré, ọdẹ tó ń ṣọ́ ọgbà adìyẹ lóru. Ẹ wo obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yan gààrí. Láti ìgbà tó ti kírun àsùbáà ló ti jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́, ọ̀bẹ kékeré lọ́wọ́, oje ẹ̀gẹ́ ti gbẹ sí i láàárín ìka, èèpo sì ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Iye tó bá bó ni wọn yóò san owó rẹ̀ fún un. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ bá le, tí ẹ̀gẹ́ kò ṣeé fà tu bọ̀rọ̀, ohun tí yóò bó kì í pọ̀, owó rẹ̀ náà kì í sì í pọ̀.

Ní oṣù keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 náírà, ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó sì gbà láti máa san 73,000 náírà fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2019 tí ọ̀rọ̀ owó oṣù yìí dúró lé lórí yọ iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ó yọ iṣẹ́ tí a ń san owó rẹ̀ ní iye tí èèyàn bá ṣe, ó sì yọ iṣẹ́ tó ní ìgbà bíi iṣẹ́ oko. Obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ àti alágbàṣe oko kòkó kò sí lábẹ́ ààbò rẹ̀. Níbi tí òfin ìlú kò bá ti bá olóko wí, ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ló kù.

Nínú hadíìsì tí Bukhari gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayra, Ọlọ́hun sọ pé àwọn mẹ́ta kan wà tí Òun fúnra Òun yóò bá ṣẹjọ́ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tó gba òṣìṣẹ́, tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé, tí kò sì san owó rẹ̀. Ta ni yóò bá Ọlọ́hun ṣẹjọ́ tí yóò jàre? Ẹ̀yin olóko, a mọ̀ pé owó kòkó kì í wọlé lójoojúmọ́. Kò burú bí ẹ bá bá alágbàṣe ṣàdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ nípa iye owó rẹ̀ àti ìgbà tí ẹ ó san án, tí òun náà sì gbà. Èyí tó burú ni kí ẹ ti gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ra kòkó, kí ẹ wá máa sọ fún ẹni tó bá yín fọ́ ọ, tó bá yín sá a, pé kó lọ kó bọ̀ lọ́la. Ànábì wa sọ pé kí a fún òṣìṣẹ́ ní owó rẹ̀ kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Ẹ sì ti gbọ́ ìtàn àwọn mẹ́ta tí àpáta dé mọ́ inú ihò. Ẹ̀kẹta wọn ní alágbàṣe òun kan lọ láìgba owó rẹ̀, òun sì ń fi owó náà dáko títí ó fi di agbo màlúù. Nígbà tí ọkùnrin náà padà dé, gbogbo rẹ̀ ló kó fún un, kò mú ẹyọ kan. Iṣẹ́ rere yẹn ló fi bẹ Ọlọ́hun, ọ̀nà sì là fún wọn.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí, Ọlọ́hun sọ ní Súrà Baqara áyà 273 nípa àwọn aláìní kan tí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yóò rò pé ọlọ́rọ̀ ni wọ́n, nítorí pé wọn kì í tọrọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tí mò ń sọ yìí wà lára wọn. Wọn kò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ wá wọn lọ nígbà tí ẹ bá ń pín sàká, kí ẹ sì fún wọn ní ìkọ̀kọ̀.

Ìwọ òṣìṣẹ́, má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ tì ọ́ lójú. Ànábì Mùsá ṣe alágbàṣe ní Madiyana fún ọdún mẹ́jọ ó kéré tán. Ànábì Muhammad da ẹran fún àwọn ará Mọ́kà, wọ́n sì san owó fún un, òun ló sì sọ pé kí èèyàn mú okùn, kó lọ ṣẹ́gi, kó pọ̀n ọ́n tà, ó sàn fún un ju kó máa tọrọ lọ. Àmọ́ ìwọ náà, bí o bá gba owó iṣẹ́ òòjọ́, má ṣe lọ sùn sábẹ́ igi nítorí pé olóko kò sí nítòsí. Owó bẹ́ẹ̀ kì í ní àlùbáríkà.

Òótọ́ ni pé ó rọrùn láti gbé abúlé ju ìgboro lọ. Owó yàrá kan ní abúlé kò súnmọ́ èyí tí wọ́n ń gbà ní Alágbàka ní Àkùrẹ́, ẹni tó bá sì gbin ata, ewédú àti ẹ̀gẹ́ sẹ́yìnkùlé ti dín ìnáwó rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n iyọ̀, ọṣẹ, òògùn ibà àti ìwé ọmọ, ìlú ni wọ́n ti ń wá, owó ọkọ̀ sì ti gun orí wọn kí wọ́n tó dé. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọwọ́ kúrò nínú owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọ̀kadà nìkan ti tó ohun ìrònú. Nítorí náà, ẹ̀yin ará ìgboro, ẹ má ṣe máa sọ fún ẹbí yín ní oko pé kí ni wọ́n ń fi owó ṣe.

Àáró ni àwọn baba wa fi ń gbé e: lónìí a ro tèmi, lọ́la a ro tìrẹ, kò sí owó níbẹ̀, kò sí èlé. Ó yẹ ká jí i dìde. Àjọ tí kò ní èlé náà dára. Owó yíyá orí fóònù tó ní èlé, rìbá ni, ìyẹn èlé tí ẹ̀sìn wa kọ̀, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù sì jẹ́ hàráàmù, bó ti wù kí ebi máa pa èèyàn tó. Kò sì sí ẹni tí Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún láti lọ jẹ gbèsè nítorí aṣọ ẹbí.

Ẹni tí gbèsè bá ti wọ̀ lọ́rùn ná, ẹ gbọ́ hadíìsì tí Tirmidhi gbà wá. Ẹrú kan tó ń san owó díẹ̀díẹ̀ láti fi ra ara rẹ̀ padà wá bá Ali, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ó ní agbára òun kò ká owó náà mọ́. Ali kọ́ ọ ní àdúà kan tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ́ òun, ó ní kódà bí gbèsè rẹ̀ tó òkè ńlá, Ọlọ́hun yóò bá a san án: “Ìwọ Ọlọ́hun, fi hàláàlì Rẹ tó mi kúrò níbi hàráàmù Rẹ, kí O sì fi ọlá Rẹ rọ̀ mí lọ́rọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹlòmíràn yàtọ̀ sí Ọ.” Ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ sórí, ká máa ṣe é fún ara wa, ká sì máa ṣe é fún gbogbo àwọn tó wà lóko. Àmín.