Marsaxlokk: Èbúté tí Wọ́n Fi Afẹ́fẹ́ Sọ Lórúkọ

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó bá ti ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 28 ti gbúròó erékùṣù tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí: Mẹ́lítà, níbi tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù ti fọ́ lẹ́yìn ìjì. Málítà là ń pè é lónìí. Abúlé apẹja kan wà ní gúúsù ìlà-oòrùn rẹ̀ tó ń jẹ́ Marsaxlokk. Lẹ́tà x wọn, ṣ tiwa ni, nítorí náà ẹ pè é ní “Masaṣlọ́kì”, kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì má baà máa wò yín. Marsa ni èbúté. Xlokk ni afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wá láti gúúsù ìlà-oòrùn. Ibi tí afẹ́fẹ́ yẹn ti ń bọ̀ gan-an ni ẹnu èbúté náà kọjú sí. Tí afẹ́fẹ́ bá wá láti àríwá ìwọ̀-oòrùn, bó ṣe máa ń ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, omi ibẹ̀ á pa rọ́rọ́. Tó bá jẹ́ xlokk, ìgbì á wọlé tààrà. Ẹ wo ojú ọjọ́ kí ẹ tó mú ọjọ́.

Àwọn tó tóbi ju àwa arìnrìn-àjò lọ ti rí i rí. Inú èbúté yìí ni àwọn ọmọ ogun Ọ́tómánì, ìyẹn ilẹ̀ ọba àwọn Tọ́kì ayé àtijọ́, kó ọkọ̀ wọn sí ní oṣù karùn-ún ọdún 1565 nígbà tí wọ́n wá gbógun ti Málítà. Ṣùgbọ́n Piyale, olórí ọmọ ogun ojú omi wọn, kò fọkàn tán ibẹ̀. Èbúté Marsamxett tó sé mọ́ dáadáa ló ń fẹ́, odi St Elmo ló sì ṣọ́ ẹnu ìyẹn. Wọ́n fi nǹkan bí oṣù kan jà kí wọ́n tó gba odi náà, ogun yẹn kò sì bọ́ sí i fún wọn mọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 1989 ńkọ́, tí Bush, ààrẹ Amẹ́ríkà, àti Gorbachev, olórí Soviet Union, fẹ́ ṣèpàdé lórí ọkọ̀ ogun nínú omi yìí kan náà? Ìjì dé, òkun ru, ni wọ́n bá kó ìpàdé lọ sínú Maxim Gorkiy, ọkọ̀ akérò ńlá tí wọ́n so mọ́ etí omi.

Ọkọ̀ apẹja ni ojú ń kọ́kọ́ rí. Luzzu ni èyí tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Tí ẹ̀yìn bá tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni fi ayùn gé e, kajjik nìyẹn. Búlúù, yẹ́lò, pupa àti àwọ̀ ewé ni wọ́n fi ń kùn wọ́n, ní ìlà ìlà. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì iwájú ọkọ̀ ní ojú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi igi gbẹ́. Afinimọ̀nà á sọ fún yín pé ojú Osiris, òrìṣà àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, ni, pé àwọn ará Fòníṣíà ló gbé e wá. Ìtàn náà dùn, ẹ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ìlà tó tẹ̀ bí irùmú lókè ojú yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní mustaċċ: tí ẹ bá rí dúdú níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ni ọkọ̀ náà máa ṣọ̀fọ̀ ẹnì kan nínú ẹbí. Kì í ṣe ọkọ̀ tí a ń gùn ya fọ́tò.

Ẹja tó gbé orúkọ ibẹ̀ ga ni lampuki, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní dorado. Bí wọ́n ṣe ń mú un yẹ fún ẹ̀kọ́. Ẹja yìí fẹ́ràn òjìji lójú agbami. Nítorí náà apẹja á gé imọ̀ ọ̀pẹ tó gùn ní ìdí igi, á so ó mọ́ abẹ́ nǹkan tó ń léfòó (èèpo igi kọ́ọ̀kì láyé àtijọ́, fóòmù lónìí), á fi okùn gígùn dè é mọ́ òkúta ẹfun tó wúwo, á sì sọ òkúta náà sísàlẹ̀ òkun. Kannizzati ni wọ́n ń pè wọ́n. Olúkúlùkù apẹja ló ní ìlà tirẹ̀ lójú òkun tó ń tò wọ́n sí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ẹja bá ti kó sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á sì fà á wọlé. Ẹni tó bá mọ acadja ti àwọn apẹja adágún Nokoué ní Benin á rí ìbátan níbẹ̀, àmọ́ inú omi tí kò jìn ni wọ́n ń ri ẹ̀ka igi acadja mọ́lẹ̀, ẹja sì ń jẹun, ó ń dàgbà síbẹ̀. Òjìji lásán ni ti Málítà. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé tí ìgbì bá já okùn, imọ̀ á jẹrà, ṣùgbọ́n fóòmù àti okùn ọ̀rá kò ní jẹrà.

Láti 15 oṣù kẹjọ títí di ìparí ọdún ni òfin gbà wọ́n láyè láti pa á báyìí. Ẹni tó bá fi lampuki “tútù” lọ̀ yín ní oṣù kẹta, ẹ bi í pé níbo ló ti wá.

Sọ́ńdè ni ọjà ẹja. Ẹ dé kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Tó bá di ọ̀sán, aṣọ àti ohun ìrántí ló kù lórí àtẹ, bọ́ọ̀sì 81 àti 85 tó ń bọ̀ láti Valletta, olú ìlú Málítà, á sì ti kún fọ́fọ́. Ẹ má fi àwọ̀ yan lampuki. Bó ṣe ń jáde nínú omi, ó ń dán bíi wúrà, àmọ́ gbàrà tó bá kú ni ara rẹ̀ ń ṣá. Ẹ wo ẹyinjú rẹ̀ kó yọ síta, kó mọ́ gaara. Ẹ ṣí ibi tó fi ń mí, kó pupa, kó má ṣe dà bí àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ ẹran rẹ̀, kó padà sípò. Awrata àti spnotta tí ẹ máa rí yíká ọdún, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ẹja tí wọ́n sìn nínú àwọ̀n lójú òkun. Kò burú, àmọ́ kò yẹ kí iye owó wọn jọ ti ẹja agbami.

Nílé oúnjẹ, ẹ ṣọ́ra: iye owó tó wà lára páálí lè jẹ́ ti kílò kan, kì í ṣe ti àwo kan. Ẹ ní kí wọ́n wọn ẹja náà lójú yín kó tó dé orí iná. Tí ẹ bá ń ṣọ́ owó ná, ẹ béèrè aljotta, ọbẹ̀ ẹja olómi tí wọ́n fi áyù, tòmátò àti ìrẹsì díẹ̀ sè.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rìn lọ sí St Peter’s Pool ní ilẹ̀ Delimara, ìrìn tó tó ogójì ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀. Kò sí igi lójú ọ̀nà, ẹ gbé omi dání. Omi ibẹ̀ jìn létí òkúta, wíwọlé rọrùn. Jíjáde ni iṣẹ́. Tí ìgbì bá ń na òkúta, ó lè gbé èèyàn lù ú, ewéko omi tó wà lára rẹ̀ sì ń yọ̀ bí ilá. Ẹ kọ́kọ́ dúró wo ìgbì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì wọ bàtà rọ́bà.

Lọ́jọ́ tí xlokk bá ń fẹ́, ẹ fi omi sílẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Birżebbuġa nítòsí, kí ẹ wo Għar Dalam, ihò àpáta tó jìn tó 144 mítà, níbi tí wọ́n ti wú egungun àwọn erin àti erinmi aràrá tó gbé erékùṣù náà láyé ọjọ́un. Ní etí omi Marsaxlokk, ẹ máa bá àwọn apẹja lórí àpótí, tí wọ́n ń tún àwọ̀n wọn ṣe. Ẹ kí wọn, “bonġu”, kí ẹ sì gba ẹ̀yìn àwọ̀n kọjá. Ẹ má tẹ̀ ẹ́.