Kinect: Ẹ Kọ́kọ́ Ka Ìjìnnà Kí Ẹ Tó Kọ Géèmù

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé báwo ni kámẹ́rà ṣe ń mọ̀ pé èèyàn ju ọwọ́, tiyín rèé. Kinect ti Xbox 360 ni mo gbé síwájú yìí, kámẹ́rà ẹ̀rọ géèmù tó ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà sí i, èyí tó jáde ní 2010. Ó ti pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, òun ni mo fara mọ́.

Ẹ ki okùn rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà. Ẹ dúró ná! Iná USB nìkan ò tó o, ẹ wá ádápítọ̀ 12 volt rẹ̀. Freenect ni ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá Kinect sọ̀rọ̀. Lórí Ubuntu (irú Linux kan), ẹ tẹ èyí láti gbé e wọlé:

sudo apt install freenect python3-freenect

Ẹ wá pe freenect-glview. Tí àwòrán aláràbarà bá yọ, ó ti ń ríran nìyẹn. Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò, gba nọ́ńbà rẹ̀:

import freenect
d, _ = freenect.sync_get_depth(format=freenect.DEPTH_MM)
print(d[240, 320])

Àwòrán tó wà nínú d yẹn kì í ṣe fọ́tò o. Nọ́ńbà ni, 640 ní ìbú, 480 ní òró, ìkọ̀ọ̀kan ń sọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó ní mìlímítà. Àárín àwòrán ni d[240, 320] ń tọ́ka sí. Ìlà ló ń ṣáájú, ìdí nìyẹn tí 240 fi wà níwájú. Ẹ fi tépù wọn mítà kan ààbọ̀ sí ògiri, ẹ wò ó bóyá nǹkan bíi 1500 ló máa jáde. Ẹ má fo tépù yìí, mo bẹ̀ yín.

Òdo tó máa ń wà láàárín àwọn nọ́ńbà yìí ló ń bí mi nínú jù. Òdo kò túmọ̀ sí pé nǹkan wà lára kámẹ́rà. Kò rí ibẹ̀ ni. Nǹkan lè sún mọ́ ọn jù, ó lè jẹ́ gíláàsì, tàbí kí oòrùn wọlé. Ẹ fa kọ́tìnnì! Tí ẹ bá ń wá ohun tó sún mọ́ jù, ẹ kọ d[d > 0].min(), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òdo láá máa borí.

Ẹnìkan béèrè pé òun yọ àwòrán kan kúrò nínú òmíràn, 65526 ló jáde. Àwọn nọ́ńbà yìí ò mọ ohun tó kéré sí òdo, 1000 tí ẹ bá yọ 1010 kúrò nínú rẹ̀ á yí po lọ sókè. Ẹ gba àwòrán lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ astype(int) sí méjèèjì kí nọ́ńbà wọn lè lọ sábẹ́ òdo, kí ẹ tó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Níbi tí ìyàtọ̀ bá ti ju 50 lọ, tí kò sì sí òdo nínú méjèèjì, nǹkan mira níbẹ̀. Bí mo ṣe kọ géèmù tí àwọn ọmọ àdúgbò ń bá mi ṣeré nìyẹn, àfikún kankan ò sí! Tí ẹ bá dúró sí bíi mítà mẹ́rin, ẹ gbé 50 yẹn sókè, torí nọ́ńbà kì í dúró sójú kan lọ́nà jíjìn bẹ́ẹ̀.