Ṣé Gìgísẹ̀ Denis Law Ló Já Manchester United Wálẹ̀ Lóòótọ́?

Ẹ káàbọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn àgbà tó ń ṣe United fẹ́ràn àtimáa sọ ọ́ pé Denis Law tí wọ́n ń pè ní ọba ní Old Trafford, pápá United, òun náà ló fi gìgísẹ̀ gbá góòlù tó já wọn wálẹ̀ sí dífíṣọ̀n kejì ní 1974. Góòlù yẹn, òótọ́ ni. Pé òun ló já wọn wálẹ̀, irọ́ ni jàre.

Ta tiẹ̀ ni Law? Ọmọ Scotland ni, Aberdeen ni wọ́n bí i sí ní 1940, apẹja ni bàbá ẹ̀, ọmọ méje ni wọ́n bí, òun sì ni àbíkẹ́yìn. Nígbà tó dé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Huddersfield ní England ní ọmọ ọdún 15, ó rù kan eegun, ó ń lo awò, ojú ẹ̀ kan ò sì wò tààrà, ṣe ló máa ń di ojú yẹn tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù títí wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ sí i. Kí 1956 tó parí ó ti wà nínú ikọ̀ àgbà.

Manchester City ló kọ́kọ́ rówó rà á, £55,000 ní 1960. Ẹ gbọ́ èyí o: lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n bá Luton gbá nínú FA Cup, Law nìkan gbá 6 wọlé, 6-2 ni wọ́n wà tí òjò sọ pápá di ẹrẹ̀, rẹfirí bá dá máàṣì dúró, wọn ò ka góòlù 6 yẹn sí nǹkan kan, ìgbà tí wọ́n sì tún un gbá City lulẹ̀ 3-1. Ta ló gbá ẹyọ kan yẹn? Law náà ni!

Ó lọ Torino ní Ítálì fún sáà kan, jàǹbá mọ́tò fẹ́ pa á níbẹ̀, United bá rà á ní 1962 ní £115,000. Ibẹ̀ ló ti wá di eégún ńlá. Góòlù 46 nínú sáà kan ṣoṣo, 1963 sí 1964, Ballon d'Or, ìyẹn àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Yúróòpù nígbà yẹn, ní 1964, títí dòní kò sí ọmọ Scotland mìíràn tó gbà á. Tó bá ti gbá a wọlé, á fi ìka di etí apá ẹ̀wù ẹ̀ mú, á na ọwọ́ kan sókè. Góòlù 237 ló gbá fún United nínú máàṣì 404.

Orúnkún ló bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Ní 1973 kóòṣì Tommy Docherty ní kó máa lọ lọ́fẹ̀ẹ́, City bá tún gbà á.

Ó di April 27, 1974, City wá kojú United ní Old Trafford. Ó ku bíi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, Francis Lee ta bọ́ọ̀lù síwájú ilé, Law kọ ẹ̀yìn sí àwọ̀n, ó sì fi gìgísẹ̀ tì í kọjá Alex Stepney, gólí United. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń dì mọ́ ọn, òun dúró gbagidi, ọwọ́ ẹ̀ rọ, kò rẹ́rìn-ín rárá, wọ́n sì yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ wàyí. Póìǹtì 2 ni wọ́n ń fún ẹni tó bá borí nígbà yẹn, ikọ̀ mẹ́ta ló sì máa já wálẹ̀. United ní 32, máàṣì méjì ló kù, ká ní wọ́n tiẹ̀ borí méjèèjì, 36 ni. Birmingham, tó wà lókè àwọn mẹ́ta tó máa já, na Norwich lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n di 37, United ò sì lè bá wọn mọ́. Ó parí! Kódà ká ní Law ò jáde nílé, wọ́n ti lọ.

Kò tún gbá góòlù líìgì mọ́. Ó lọ Ife Àgbáyé ní Ìwọ̀-oòrùn Jámánì lọ́dún yẹn, ó kojú Zaire, ìyẹn ló pé máàṣì 55 fún Scotland, góòlù ẹ̀ sì jẹ́ 30. Kenny Dalglish náà ní 30, àmọ́ máàṣì 102 ló fi gbá tiẹ̀, ẹ má bi mí ẹni tí màá mú.