Òrùlé tó ń jò àti owó ilé tó pé: wáàsí ọjọ́ Jímọ̀ fún onílé àti ayálégbé

Asalaamu alaekum wa rahmatullaahi wa barakaatuhu.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ní gbogbo àdúgbò tí mo ti gbé, àsìkò òjò ni ìjà onílé àti ayálégbé máa ń gbóná jù lọ, nítorí pé ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn bá bò mọ́lẹ̀ ni òjò máa ń hú síta: páànù tó ti dípẹtà, ògiri tó ń fa omi, ṣalángá tó ti kún dé ẹnu. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí.

Ní ọdún 622, nígbà tí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kúrò ní Mẹ́kà tí ó dé Mẹ̀dínà, ilé Abu Ayyub al-Ansari ni ó dé sí. Ilé náà ní òkè, ó sì ní ìsàlẹ̀. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun yan ìsàlẹ̀ nítorí àwọn tí ń wá kí i, Abu Ayyub àti ìyàwó rẹ̀ sì ń gbé òkè. Ní ọjọ́ kan, ìkòkò omi wọn fọ́ lókè. Aṣọ ìbora kan ṣoṣo ni tọkọtaya náà ní, òun náà ni wọ́n sáré fi gbá omi ọ̀hún, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé kí ó má lọ kán sí Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun lára.

Onílé ni ọkùnrin yìí. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò san kọ́bọ̀ fún un. Omi náà kò tíì kán rárá, ó kàn lè kán ni, síbẹ̀ ó fi aṣọ tí ì bá fi bora lóru nu ilẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé Ànábì Ọlọ́hun ló wà nísàlẹ̀, kì í ṣe ayálégbé lásán. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gba owó odidi ọdún kan lọ́wọ́ ẹlòmíràn ti gbé ẹ̀tọ́ kan kọ́rùn tí Abu Ayyub kò gbé rárá.

Ìjáárà ni ẹ̀sìn wa ń pe àdéhùn ìyálégbé. Ohun tí onílé tà nínú rẹ̀ kì í ṣe bíríkì, kì í sì í ṣe ilẹ̀, nítorí ilé ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ànfààní gbígbé inú ilé ni ó tà. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi sọ pé bí ilé bá wó kí ọdún tó pé, owó ìyókù ọdún náà kò tọ́ sí onílé mọ́, nítorí ọjà tí ó tà ti tán nílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì rí báyìí, yàrá tí a kò lè sùn nínú rẹ̀ bí òjò bá ń rọ̀ kò pé lórí òṣùwọ̀n. Ọlọ́hun sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ Suratul Mutaffifin pé ègbé ni fún àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù, àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń gba tiwọn, wọ́n á gbà á ní kíkún, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń wọ̀n fún ẹlòmíràn, wọ́n á dín in. Àwọn oníṣòwò ọjà la sábà máa ń fi aaya yìí bá wí, àwọn alágbàdo àti onígàrí. Ní tèmi, ẹni tó ń ka owó ilé ní pípé, tí ó sì ń fi òrùlé jíjò san án, kí ó tún aaya náà kà.

Èmi tí mò ń kọ èyí ti gbé yàrá kan rí ní Agége, nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá. Àmì omi kan wà lára sílìn mi tó dà bí ewé kókò, ọdọọdún ni ó sì ń fẹ̀ sí i. Bí òjò bá ti ṣú, mo ti mọ ibi tí màá gbé bẹ́sìn sí àti ibi tí màá gbé ike ọ̀dà sí. Ìró kíkán ti bẹ́sìn yàtọ̀ sí ti ike, mo sì lè fi etí mọ èyí tó ti fẹ́ kún. Ní ọdún 2015, nígbà tí ààwẹ̀ Ramadan bọ́ sí àárín òjò, mo dìde láti jẹ sààrì ní òru ọjọ́ kan, mo sì bá Àlùkùránì mi lórí tábìlì tí omi ti wọ̀ ọ́, tí àwọn ojú ewé Suratul Baqarah ti lẹ̀ mọ́ra wọn.

Alaaji ni bàbá onílé wa, sààfù àkọ́kọ́ ni ó sì máa ń dúró sí ní mọ́ṣáláṣí. Ìgbàkígbà tí mo bá lọ bá a, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó máa ń sọ: “Ìwọ nìkan kọ́ lò ń gbé ilé yìí, ọ̀nà ò sì dí fún ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn.” Ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì kó pé, yóò ti rán ọmọ rẹ̀ wá láti rán mi létí owó tuntun.

Mo wá dá owó ilé dúró. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀tọ́ mi ni mò ń jà fún, mo tilẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn ará ilé pẹ̀lú ìgbéraga. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun mọ̀ pé kí oṣù kẹta tó pé, mo ti fi nǹkan bí ìdajì owó náà ra fóònù. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun sọ nínú hàdíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá pé àbòsí ni kí ẹni tó ní owó lọ́wọ́ máa fòní-dónìí fọ̀la-dọ́la lórí gbèsè tí ó jẹ. Àbòsí onílé kò sọ tèmi di ẹ̀tọ́. Bí mo bá fẹ́ dá owó dúró nítorí àtúnṣe ní tòótọ́, ó yẹ kí owó náà wà níbì kan ní pípé, kí n sì lè kó o jáde lọ́jọ́ tí wọ́n bá bèèrè rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe ni kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Aaya tó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, aaya 282 nínú Suratul Baqarah, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti pípe ẹlẹ́rìí ni, síbẹ̀ àwa Musulumi ni a máa ń sọ pé “ṣebí ọmọ ìyá la jẹ́” nígbà tí a bá ń gba ilé, tí ọ̀rọ̀ á sì di “mi ò sọ bẹ́ẹ̀” lẹ́yìn ọdún kan. Kí o tó san owó, bèèrè ta ni yóò tún òrùlé ṣe, ta ni yóò gbọ́n ṣalángá, kí ó sì wọ inú ìwé. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ya fọ́tò rẹ̀, kọ lẹ́tà sí onílé tàbí ajẹ́ńtì pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àgbà, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Má ṣe pe kápẹ́ńtà fúnra rẹ kí o wá sọ lẹ́yìn náà pé kí onílé yọ iye tí o ná kúrò nínú owó ilé. Gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ sínú ìwé ná. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀sọ̀ kò ní kí ènìyàn má ṣe ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Òfin ilé gbígbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 kò sì jìnnà sí èyí. Bí àdéhùn yín kò bá sọ nǹkan mìíràn, onílé ni àtúnṣe ìta ilé àti ibi tí gbogbo ará ilé jọ ń lò já lé léjìká, ayálégbé ni yóò sì tọ́jú inú ibi tí ó ń gbé, yàtọ̀ sí ohun tí ìlò ojoojúmọ́ bá jẹ. Onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ó sì gbọ́dọ̀ já rìsíìtì fún un. Ẹni tí ń san owó ọdọọdún, tí àdéhùn rẹ̀ kò dárúkọ gbèdéke, ìwé oṣù 6 ni onílé yóò fún un bí ó bá fẹ́ kí ó kó jáde. Fífi ipá lé ènìyàn síta láìgba ilé ẹjọ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin náà. (Òfin yìí yọ Apapa, Ikeja GRA, Ikoyi àti Victoria Island sílẹ̀, bí ẹni pé òjò kì í rọ̀ níbẹ̀.) Bí àgbà àdúgbò kò bá rí ọ̀rọ̀ náà parí, Citizens’ Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó máa ń parí irú ìjà báyìí láìgba owó.

Kóòtù ni ìgbẹ̀yìn, nítorí a kì í ti kóòtù dé ṣọ̀rẹ́. Mo mọ àwọn ayálégbé tó jẹ́ pé lọ́yà ni wọ́n fi ń sún ẹjọ́ síwájú, tí wọ́n ń gbé ilé onílé lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún méjì, mẹ́ta, tí wọ́n sì ń pe ara wọn ní ọlọgbọ́n. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun sọ pé ènìyàn ni òun, pé ẹnìkan lè mọ ẹjọ́ rò ju ẹnìkejì lọ kí òun sì dá a láre, ṣùgbọ́n bí òun bá fi ẹ̀tọ́ ọmọ ìyá rẹ̀ fún un, ègé iná ni òun gé fún un.

Kí a má sì gbàgbé pé onílé púpọ̀ kì í ṣe olówó. Ẹlòmíràn nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tó fi gbogbo owó ìfẹ̀yìntì kọ́ yàrá mẹ́fà, tó sì jẹ́ pé owó ilé náà ló fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí a bá dá owó irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró, kí ni a fẹ́ kí ó fi ra páànù? Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọlọ́hun sọ pé bí onígbèsè bá wà nínú ìnira, kí a lọ́ra fún un títí yóò fi rí ìdẹ̀rùn, Ànábì sì tọrọ àánú Ọlọ́hun fún ẹni tó bá rọrùn nígbà tó bá ń tà, nígbà tó bá ń rà, àti nígbà tó bá ń bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. “Nígbà tó bá ń bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀”: ayálégbé àti onílé ni ọ̀rọ̀ yìí jọ bá wí.

Lẹ́mọ́mù ràtíbì wa ló parí tiwa. Ó pe èmi àti Alaaji jókòó lẹ́yìn ìrun alaasari. Ó bi mí pé, “Owó ilé tí o dá dúró, níbo ló wà?” N kò lè dáhùn. Ó yíjú sí Alaaji, ó ní, “Páànù mélòó ló ń jò?” Alaaji náà kò lè dáhùn, nítorí ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ó ti wọ yàrá náà kẹ́yìn. Àwa méjèèjì wo ẹní. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ sórí bébà pé èmi yóò san owó náà lẹ́ẹ̀mejì, pé Alaaji yóò pe kápẹ́ńtà kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹlẹ́rìí méjì sì fọwọ́ sí i.

Páànù mẹ́ta ni wọ́n pààrọ̀. Ní òru ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Alaaji ni, ó mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, omi sì ń kán láti etí fìlà rẹ̀. Ó ní, “Ṣé ó ṣì ń jò?” Mo ní, “Rárá, bàbá, ẹ wọlé kí ẹ wò ó.” Ó wọlé, ó na tọ́ọ̀ṣì sí sílìn, ó sì wò ó títí.